Golf GTI Mk2 oní K-Jetronic: prẹ́ṣọ̀ epo kò tó, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí wá a?

Golf_Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Golf GTI Mk2 ni, ọdún 1986, ẹ́ńjìnì 1.8 oní fáàfù 8, K-Jetronic ti Bosch, ẹ̀rọ tó ń fi nọ́sù fọ́n epo fún ẹ́ńjìnì láìlo kábúrétọ̀, ló wà lórí rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá tutù, wẹ́rẹ́ ló ń ṣíná. Tí ó bá ti gbóná, tí mo pa á fún bí ìṣẹ́jú 20, yíyí ni màá máa yí i kó tó dáhùn, á sì máa gbọ̀n kó tó dúró ire. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kọjá 4,000 rpm, agbára á kàn já. Pọ́ǹpù abẹ́ ọkọ̀ ń hó, ariwo rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bí epo inú táǹkì bá ti ń lọ sí ìdajì. Plọ́ọ̀gì, wáyà plọ́ọ̀gì àti orí dísítríbútọ̀, tuntun ni gbogbo wọn. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra pọ́ǹpù. Kí owó tó kúrò lápò mi, kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

BabaJetronic

Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Lórí K-Jetronic, prẹ́ṣọ̀ mẹ́ta ló wà, a sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó lọ sílẹ̀ nínú wọn.

Prẹ́ṣọ̀ àgbà ni èyí tí pọ́ǹpù ń tì bọ̀ láti ẹ̀yìn. Fáàfù kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fuel distributor, irin tí páìpù mẹ́rin tó lọ sí àwọn nọ́sù ti ń jáde, ló ń ṣọ́ ọ. Lórí ẹ́ńjìnì tìrẹ, 4.7 sí 5.4 bar ló yẹ kó jẹ́. Prẹ́ṣọ̀ ìdarí ni èyí tó ń tẹ orí pisitini kékeré inú fuel distributor mọ́lẹ̀, kí àwo tí afẹ́fẹ́ ń gbé má baà gbé e sókè ju bó ṣe yẹ lọ. WUR, ìyẹn warm-up regulator, ló ń ṣètò rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, 3.4 sí 3.8 bar ni. Prẹ́ṣọ̀ àṣẹ́kù ni èyí tó ṣẹ́ kù nínú páìpù lẹ́yìn tí o ti pa ẹ́ńjìnì. Ní ìṣẹ́jú 10 kò gbọdọ̀ dín sí 2.6 bar, ní ìṣẹ́jú 20 kò gbọdọ̀ dín sí 2.4.

Ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rèé. Tí prẹ́ṣọ̀ àgbà bá lọ sílẹ̀, epo kì í tó, ọkọ̀ á máa pebi. Tí prẹ́ṣọ̀ ìdarí bá lọ sílẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: àwo afẹ́fẹ́ á gbéra jù, epo á pọ̀ jù, èéfín dúdú á máa jáde, plọ́ọ̀gì á sì dúdú bí èédú. Ẹni tó gbọ́ pé prẹ́ṣọ̀ lọ sílẹ̀, tó sáré ra pọ́ǹpù, lè ná owó náà tán kí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì máa tú èéfín.

Wá géèjì tó ń ka 0 sí 10 bar, tó ní hóòsì méjì, tí kọ́ọ̀kù kan sì wà lára ọ̀kan nínú wọn. Géèjì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ EFI òde òní (èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀) tí kò kọjá 5 bar kò wúlò níbí. Tú páìpù tó ti àárín orí fuel distributor lọ sí WUR, kí o fi géèjì sáàárín wọn, kí kọ́ọ̀kù wà ní ìhà WUR. Tí o bá ti kọ́ọ̀kù, prẹ́ṣọ̀ àgbà ni géèjì ń kà. Tí o bá ṣí i, prẹ́ṣọ̀ ìdarí ni. Wọ́ṣà kọ́pà méjì ló wà lára bóòtù oníhò kọ̀ọ̀kan. Tuntun ni kí o fi dá a padà, nítorí èyí tó ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í dí dáadáa mọ́.

Kí o tó tú ohunkóhun: ẹ́ńjìnì tútù, ìta gbangba, ohun ìpaná nítòsí. Yọ ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Fi àkísà yí páìpù cold start valve (fáàfù tó ń fi epo kún un tí ẹ́ńjìnì tútù bá ń ṣíná) ká, tú u díẹ̀díẹ̀ kí prẹ́ṣọ̀ tó wà níbẹ̀ jáde sínú àkísà. Tọ́ọ̀ṣì LED ni kí o fi ríran. Gílóòbù onígíláàsì tó ń gbóná lè fọ́ tí epo bá ta sí i, iná á sì sọ.

Bí o ṣe máa kà á nìyí. Kọ́ọ̀kù ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnì tútù, wáyà WUR ní yíyọ: ka prẹ́ṣọ̀ ìdarí tútù kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tó yẹ kó jẹ́ wà lọ́wọ́ ooru ọjọ́ náà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára WUR, nítorí náà má ṣe fi ti ọkọ̀ ẹlòmíràn wé tìrẹ. Dá wáyà WUR padà, jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná: ó yẹ kó gun 3.4 sí 3.8 láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn náà ti kọ́ọ̀kù, ka prẹ́ṣọ̀ àgbà. Tún ṣí kọ́ọ̀kù, pa ẹ́ńjìnì, kí o máa wo aago fún prẹ́ṣọ̀ àṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ kan kù: má fọwọ́ kan ìṣó CO, ìyẹn ìṣó tó ń ṣètò ìwọ̀n epo mọ́ afẹ́fẹ́, èyí tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ Allen 3 mm yí láàárín àwo afẹ́fẹ́ àti fuel distributor. Ọ̀pọ̀ ló ti fi ìṣó yẹn bo àìsàn prẹ́ṣọ̀ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá tún prẹ́ṣọ̀ ṣe, ọkọ̀ náà kò ní fẹ́ dúró mọ́.

Rewaya_Agba

Kí ẹ tó gbé géèjì jáde, ẹ gbé mítà iná ná. Pọ́ǹpù tó ń rí fólítì 10 kò lè ti epo bí èyí tó ń rí 12, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Wáyà ọkọ̀ 1986 láti ilé fíúsì dé ẹ̀yìn ti rí omi àti iyọ̀ ojú ọ̀nà ìlú Ọba tó.

Rìléè pọ́ǹpù kì í tan pọ́ǹpù àfi tó bá gbọ́ lọ́dọ̀ kọ́ìlì pé ẹ́ńjìnì ń yí. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù fi ń dákẹ́ tí ẹ bá kàn yí kọ́kọ́rọ́ dé ojú iná. Láti dán an wò, ẹ yọ rìléè, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀: 30 ni iná tó ń ti bátìrì bọ̀, 87 ló ń lọ sí pọ́ǹpù. Ẹ fi wáyà tó nípọn, tó ní fíúsì àti súìṣì tirẹ̀, so ihò méjèèjì pọ̀. Ẹ má lo wáyà rédíò, á yọ́.

Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wọn fólítì, kí ẹnu wáyà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ máa rí èèyàn tó yọ wáyà, tó wọn 12.4, tó ní iná pé. Wáyà tó ti jẹ tán pàápàá máa ń fi 12.4 hàn tí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ mítà kan sí pọ́sítíìfù bátìrì, èkejì sí pọ́sítíìfù pọ́ǹpù: iye tí ẹ bá rí ni wáyà ń jẹ lójú ọ̀nà. Ẹ ṣe é fún nẹ́gẹ́tíìfù náà. Tí ọ̀kan bá ju 0.5 fólítì lọ, ìhà ibẹ̀ ni kí ẹ wá. Bí bátìrì bá kún, 11.5 ló kéré jù tó yẹ kí ẹ rí lẹ́nu pọ́ǹpù.

Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ ni ẹnu wáyà abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ojú ibi tí wáyà ilẹ̀ ti kan bọ́dì, àti inú rìléè. Ẹ ṣí ike rìléè náà kí ẹ wo lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi lẹ àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ pátákó. Tó bá ti ya, ẹ ó rí òrùka dúdú tín-ín-rín yí ẹsẹ̀ ká. Irú rẹ̀ máa ń já tó bá gbóná, á sì tún mú tó bá tutù, òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ kú lójú ọ̀nà kó sì dára délé.

EseKiakia

Gbogbo wàhálà yìí! Kó ra Bosch 044 kó dè é mọ́bẹ̀. Pọ́ǹpù ọkọ̀ ìje ni, kò sí prẹ́ṣọ̀ tí kò lè tì.

SistaSpanner

Ẹ̀gbọ́n, 044 dára, àmọ́ wo ohun tó sọ: ariwo pọ́ǹpù ń pọ̀ sí i bí epo táǹkì ṣe ń dín kù. Ìyẹn jọ pọ́ǹpù tí epo kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Tí ẹ bá fi èyí tó lágbára jù síbẹ̀, òǹgbẹ náà á kàn pọ̀ sí i ni: á máa fa èéfín epo mọ́ epo, á sì tètè jóná, nítorí epo tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń tù ú lára. Iná tó ń jẹ tún ju ti pọ́ǹpù ọkọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ Rewaya_Agba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ipò wáyà ni. Ayédèrú 044 sì pọ̀ lọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé, tí owó rẹ̀ bá kéré, ẹ gbà pé kì í ṣe ojúlówó.

Golf_Peckham, ẹ wọn iye epo kí ẹ tó gbọ́ ti géèjì. Géèjì lójú àìtẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnì ò ti mu epo púpọ̀, lè fi 5 bar hàn lórí pọ́ǹpù tó ti ń kú. Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọjá 4,000 ni ẹ ó tó mọ̀ pé epo ò tó. Ìdánwò yìí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Ẹ tú hóòsì tó ń dá epo padà sí táǹkì lára fuel distributor, ẹ fi sínú ìgò oníwọ̀n lítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ so ihò 30 àti 87 pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 géérégé. Tí fólítì ẹnu pọ́ǹpù bá sún mọ́ 12, nǹkan bí mílílítà 750 ló kéré jù tó yẹ kó wọ inú ìgò náà. Ẹ kọ fólítì ọ̀hún sílẹ̀ pẹ̀lú iye epo, torí iye epo láìsí fólítì kò sọ nǹkan kan fún wa.

Tí kò bá pé, ẹ máa lọ láti táǹkì bọ̀ wá síwájú. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì nígbà tí ọkọ̀ ń ṣe é: tó bá fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ariwo, tí ara ọkọ̀ sì yá, ọ̀nà èémí táǹkì ti dí. Lẹ́yìn ìyẹn ni pọ́ǹpù kékeré inú táǹkì. Mk2 ní pọ́ǹpù méjì: kékeré inú táǹkì ń bọ́ ike tí pọ́ǹpù ńlá jókòó sí lábẹ́ ọkọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún. Tí kékeré bá kú, ọkọ̀ kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Epo á ṣì máa ṣàn fúnra rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí táǹkì bá kún, ṣùgbọ́n tó bá ti dín, tàbí tí oòrùn bá mú, tàbí tí ẹ bá yà ní kọ́nà, pọ́ǹpù ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ yọ ẹnu wáyà pọ́ǹpù ńlá, ẹ so 30 mọ́ 87, kí ẹnì kan gbé etí sí ẹnu ibi tí a ń da epo sí. Tí kò bá sí ohùn kankan, ẹ ti rí ọ̀kan.

Asẹ́ kékeré kan tún wà lẹ́nu pọ́ǹpù ńlá nínú ike yẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń pààrọ̀ fílítà ńlá tí wọn kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Táǹkì tó ti ń pata á fi ìyẹ́pẹ́ pupa dí i.

Lórí hóòsì: láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni epo E10, tí ethanol wà nínú rẹ̀, ti di èyí tó wọ́pọ̀ ní Britain, rọ́bà àtijọ́ kò sì fẹ́ràn ethanol. Inú hóòsì lè wú kó dí ọ̀nà epo, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa dán bíi tuntun. Èyí tí wọ́n kọ SAE J30 R9 sí lára ni kí ẹ lò níta. Tí hóòsì bá máa wà nínú epo fúnra rẹ̀, nínú táǹkì, R10 ni. R9 kò ṣeé rì sínú epo, torí pé inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe láti fara da epo.

Golf_Peckham

Ẹ ṣé gan-an ni. Àwọn nọ́ńbà rèé:

Fólítì ẹnu pọ́ǹpù nígbà tó ń ṣiṣẹ́: 10.5, bátìrì 12.5. Ìhà nẹ́gẹ́tíìfù ń jẹ 1.4, ìhà pọ́sítíìfù 0.6. Epo ní ìṣẹ́jú àáyá 30: mílílítà 480. Prẹ́ṣọ̀ àgbà: 4.3 bar. Prẹ́ṣọ̀ ìdarí gbígbóná: 3.5. Àṣẹ́kù: ó já sí 1.9 kété tí mo pa á, 0.7 ní ìṣẹ́jú 10. Pọ́ǹpù inú táǹkì kò fọhùn rárá.

BabaJetronic

O ṣeun tí o kọ gbogbo rẹ̀. WUR rẹ dára, 3.5 wà láàárín, gbàgbé rẹ̀. Èyí tó kù, àìsàn méjì ni, má sì dà wọ́n pọ̀. Epo tí kò pé àti 4.3 bar, ọ̀kan náà ni. Àṣẹ́kù tó ń já, ọ̀tọ̀ ni.

Ẹnì kan á sọ fún ọ pé kí o fi ṣímù sí fáàfù prẹ́ṣọ̀ kó lè gun 5 bar. Òótọ́ ni pé wọ́ṣà pẹlẹbẹ wà lẹ́yìn sípíríǹgì fáàfù yẹn, àti pé 0.1 mm tí o bá fi kún un á gbé prẹ́ṣọ̀ sókè ní nǹkan bí 0.06 bar. Ṣùgbọ́n ìgbà tí iye epo bá pé tí prẹ́ṣọ̀ ṣì kéré nìkan la ń ṣí ibẹ̀. Tìrẹ kò pé. Ṣímù kò lè dá epo tí kò dé.

Tún wáyà ilẹ̀ ṣe lákọ̀ọ́kọ́, kí o fi yanrìn bébà fọ ojú irin rẹ̀ títí á fi dán, kí o fi gírísì bò ó lẹ́yìn tí o bá dè é. Pààrọ̀ pọ́ǹpù inú táǹkì, fọ asẹ́ kékeré, fi fílítà ńlá tuntun sí i. Tún wọn iye epo lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan. Tí o bá ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ lè dára, o ò sì ní mọ ohun tó tún un ṣe.

Tí iye epo bá pé tí prẹ́ṣọ̀ ò sì gun 4.7, fi kílánbù tẹ hóòsì rọ́bà tó ń dá epo padà díẹ̀, ojú géèjì ni kí ojú rẹ wà. Tó bá fò sókè lójijì, pọ́ǹpù ṣì lágbára, fáàfù prẹ́ṣọ̀ ló ń jẹ́ kí epo sá lọ. Tí kò bá gbéra, pọ́ǹpù ti rẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ pa pátápátá, má sì jẹ́ kó kọjá 6 bar. Rọ́bà nìkan la ń tẹ̀ o, páìpù ike líle máa ń ya.

AlaGolf_Ojo

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé kún un, torí àwọn tó ní Mk1 GTI ní Èkó ń ka ìjíròrò yìí. Ọ̀pọ̀ Golf àtijọ́ ní Nàìjíríà, kábúrétọ̀ ló wà lórí wọn, ọwọ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì sì ti mọ́ hóòsì kábúrétọ̀. Pọ́ǹpù kábúrétọ̀ kì í ti ju nǹkan bí 0.3 bar lọ. Hóòsì kan náà lórí K-Jetronic, 5 bar ló máa dojú kọ. Bó bá bẹ́ lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, ẹ mọ ohun tó kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ olùtajà ní Ládípọ̀ pé ti injection lẹ fẹ́, kí ẹ sì ka ohun tó wà lára rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ̀ẹ̀kejì, epo inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹnikẹ́ni tó ń dá epo kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀ oní K-Jetronic, kó fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ ẹ, kó sì jẹ́ kó jókòó kí omi inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Pisitini fuel distributor àti ihò rẹ̀ bára mu débi pé ìpata tí ojú kò rí lè mú un há. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, irú ọkọ̀ báyìí ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà yín jù, torí methanol ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà. Táǹkì tó bá gbé irú epo bẹ́ẹ̀ pẹ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi pọ́ǹpù tuntun sí i.

Lórí Mk1, hóòsì rọ́bà ńlá ló ń gbé epo láti táǹkì wá sẹ́nu pọ́ǹpù. Ó wúlò fún wíwá ohun tó ń jẹ àṣẹ́kù: ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ tẹ hóòsì yẹn pa lójú ẹsẹ̀. Tí prẹ́ṣọ̀ bá wá dúró, fáàfù ìdádúró ẹnu pọ́ǹpù ló ń jẹ́ kí epo padà. Mk2 tí pọ́ǹpù rẹ̀ rì sínú ike kò fàyè gba èyí.

Golf_Peckham

Lẹ́yìn wáyà ilẹ̀: fólítì 11.8, epo 590. Lẹ́yìn pọ́ǹpù inú táǹkì àti asẹ́ kékeré, tí ìpata kún: 770. Lẹ́yìn fílítà: 820, prẹ́ṣọ̀ àgbà 5.0. Ariwo ti lọ, ó sì ń fà títí dé òkè. Ṣùgbọ́n àṣẹ́kù ṣì ń já, 0.8 ní ìṣẹ́jú 10, ìṣíná gbígbóná ò tíì yí padà.

SistaSpanner

Pọ́ǹpù ńlá yín kò bàjẹ́ nígbà náà, ìyẹn owó tí ò kúrò lápò.

Ìdí tí àṣẹ́kù fi ṣe pàtàkì: tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì gbígbóná, ooru á gun orí páìpù àti nọ́sù. Epo tí prẹ́ṣọ̀ bá wà lórí rẹ̀ kì í tètè di oru. Tí prẹ́ṣọ̀ bá ti já, ó di oru nínú páìpù, ẹ ó sì máa yí ẹ́ńjìnì títí pọ́ǹpù á fi lé oru yẹn jáde. Nọ́sù ń ṣí ní nǹkan bí 3.5 bar, nítorí náà àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìyẹn kó má baà máa jò sínú ẹ́ńjìnì.

Ẹ tò ó báyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa gbé prẹ́ṣọ̀ sókè padà ṣáájú ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ẹ sì ti kọ́ọ̀kù géèjì: tó bá dúró, ìhà WUR ló ń jò. Tó bá ṣì ń já, ẹ tẹ hóòsì ìdápadà pa lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnì: tó bá dúró, rọ́bà O-ring fáàfù prẹ́ṣọ̀ ti le. O-ring náà ò tó nǹkan, àmọ́ ẹ fa fáàfù jáde pẹ̀lú sùúrù kí ṣímù inú rẹ̀ má sọ nù. Tó bá tún ń já, ẹ wo ẹ̀yìn accumulator, ìyẹn agolo tó ń tọ́jú prẹ́ṣọ̀ epo lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì, yálà hóòsì kékeré ló wà níbẹ̀ tàbí nọ́ọ̀tì tó dí i. Epo kò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn yẹn rárá. Tí ó bá tutù níbẹ̀, awọ inú rẹ̀ ti ya, kò sì ṣeé tún ṣe, àfi kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Awọ tó ya máa ń jẹ prẹ́ṣọ̀ àgbà náà nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́.

Tí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ fa nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti cold start valve jáde láìtú páìpù wọn, kí prẹ́ṣọ̀ wà lórí wọn, kí ẹ nu ẹnu wọn gbẹ kí ẹ sì wò wọ́n. Èyí tó bá sun omi láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ti rí i. Rọ́bà ìdí nọ́sù máa ń le bí ike lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ fi tuntun sí i, torí afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé, àwo afẹ́fẹ́ kò ní mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí gbogbo wọn bá gbẹ, fáàfù ìdádúró tó wà ní ẹnu ìjáde pọ́ǹpù ńlá ló kù. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, ẹ ò nílò pọ́ǹpù odidi.

Golf_Peckham

Kọ́ọ̀kù, hóòsì ìdápadà, accumulator, nọ́sù: gbogbo wọn dára. Mo ti fi fáàfù ìdádúró àti wọ́ṣà kọ́pà tuntun sí i. Ní ìṣẹ́jú 10, 2.9. Ní 20, 2.7. Ó ń ṣíná gbígbóná ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́.

BabaJetronic

Ó káre. Wàyí o, o lè gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ ìwọn èéfín wà kí wọ́n ṣètò CO, nítorí ìgbà tí prẹ́ṣọ̀ wà nílẹ̀ ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì gbígbóná, lójú àìtẹ̀. Wọ́n á yọ kọ́kọ́rọ́ Allen kúrò lẹ́yìn yíyí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kà á, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà nínú ihò: á há mọ́ apá àwo afẹ́fẹ́, á sì tẹ̀ ẹ́.

Benz_Bodija

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nọ́ńbà yìí ṣeé lò fún Mercedes 190E 2.3-16? Ó ń ṣe mí bíi ti Golf yìí gẹ́lẹ́.

BabaJetronic

Rárá o. KE-Jetronic ló wà lórí tìrẹ. Kò ní WUR. Ẹ̀rọ kékeré oní-iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fuel distributor ló ń ṣe iṣẹ́ ìdarí, ohun tó sì ń ṣọ́ prẹ́ṣọ̀ àgbà jẹ́ regulator oní-awọ tó dá dúró, kò ní ṣímù tí o lè fi kún. Prẹ́ṣọ̀ àgbà rẹ̀ ju 5 bar lọ, èyí tí Golf yìí gbà kò tó fún un. Ìdánwò iná, ìwọ̀n iye epo, ẹ̀yìn accumulator àti fáàfù ìdádúró ṣì rí bákan náà. Ṣí ìjíròrò tuntun, kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì rẹ síbẹ̀, kí o sì mú fólítì ẹnu pọ́ǹpù àti iye epo wá pẹ̀lú rẹ̀.